Iye Wa Nínú Ìwé Káńsù

Ẹ má bi mí pé èèyàn mélòó ló wà nínú agbo ilé tí mo lọ́kọ sí ní Ìlobù. N ò mọ̀ ọ́n. Mo gbé ibẹ̀ ju ogójì ọdún lọ, mo mọ ẹni tó ń hanrun àti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lójú oorun, ṣùgbọ́n n ò kà wá rí, torí wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kà wá. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Kò sí Yorùbá tí kò gbọ́ ọ rí. Ohun tí n kò mọ̀ nígbà náà ni pé ẹni tí kò bá jẹ́ kí wọ́n ka òun, ìjọba lè máa ṣe bí ẹni pé onítọ̀hún kò sí láyé.

Ọmọ Ìfọ́n ni mí. Ìfọ́n àti Ìlobù kò jìnnà síra, ẹsẹ̀ la fi ń rìn ín, a sì máa ń bú ara wa ṣeré. Bí mo bá se ọbẹ̀ tí iyọ̀ pọ̀ jù, àwọn ìyàwó ilé á ní, "Ẹ má bá a wí, bí wọ́n ṣe ń sè é n'Ìfọ́n nìyẹn." Èmi náà á ní iyọ̀ ló ń wọ́n yín, ẹ ò mọ adùn rẹ̀. Bàbá mi ti rán mi nílé ìwé ìjọ, mo kàwé dé ìwé mẹ́rin kí wọ́n tó sọ pé ìyẹn ti tó fún obìnrin. Lẹ́yìn náà ni mo pàdé ọkọ mi, tí í ṣe àgbẹ̀ àti ọmọ Mùsùlùmí, mo bá tẹ̀ lé e lọ Ìlobù. Láàárín ọdún 1950 sí 1960 ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀.

Agbo ilé wa wà nísàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, níbi tí ìlú ti ń parí tí ọ̀nà oko ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìsun kan wà lẹ́yìnkùlé wa, omi tó ń tabẹ́ àpáta jáde. Kì í gbẹ. Bí ẹ̀rùn bá mú tí kànga àwọn ará òkè bá di ẹrẹ̀, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń sọ̀kalẹ̀ wá, wọ́n á sì kọ́kọ́ kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ mi kí wọ́n tó ti igbá bọ omi. Ìyá ọkọ mi ń ṣe ẹ̀kọ tà. Ẹlẹ́kọ tí omi rẹ̀ kò bá mọ́, àwọn oníbàárà á mọ̀ kó tó mọ̀, nítorí náà òun ló ń ṣọ́ ìsun náà bí ẹni ń ṣọ́ ọmọ tuntun. Àràárọ̀ ló ń gbá etí rẹ̀. Ọmọ tó bá fẹsẹ̀ wọ inú rẹ̀, pàṣán ni. Èmi náà jẹ tèmi lọ́sẹ̀ tí mo dé, torí mo gbé ìkòkò tí ìdí rẹ̀ dúdú kalẹ̀ sínú omi. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ìyàwó, ṣé wọn kì í mu omi n'Ìfọ́n ni?" Ojú tì mí dọ́ba.

Ọdún tí mo lóyún àkọ́bí mi ni káńsù rán akéde kiri ìlú. Ó ní wọ́n fẹ́ tún ìlú tò. Títì ńlá máa wà, ọjà tí wọ́n fi páànù bò máa wà, ọgbà òdòdó tí èèyàn lè jókòó gbatẹ́gùn nínú rẹ̀ máa wà níwájú gbọ̀ngàn káńsù. Wọ́n máa wá ibì kan fún odò ẹran tí àwọn alápatà á ti máa pa màlúù, wọ́n á sì wá ibi tí gbogbo ìlú á máa da ìdọ̀tí sí. Kí wọ́n tó lè mọ ibi tí kálukú wọn máa wà, akọ̀wé máa wá láti ojúlé dé ojúlé láti mọ iye èèyàn tó wà níbẹ̀.

Nínú gbogbo rẹ̀, kíkà nìkan la gbọ́. Kò sẹ́ni tó tún rántí ọgbà tàbí odò ẹran. Bàbá ọkọ mi, tí í ṣe baálé agbo ilé wa, bẹ̀rẹ̀ sí í rìn sókè sódò nínú ọ̀ọ̀dẹ̀. "Ṣé ewúrẹ́ ni wá ni? Wọ́n fẹ́ kà wá bí ẹni ń ka iṣu lórí ebè!" Ẹ̀rù méjì ló ń bà á. Àkọ́kọ́ ni pé bí wọ́n bá ka ọmọ, ikú náà á gbọ́ iye wọn. Èkejì ni pé ó mọ ìjọba: ẹni tí wọ́n bá kà lónìí, owó orí ló ń bọ̀ wá gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́la. N ò lè sọ èwo ló bà á lẹ́rù jù.

Ó pàṣẹ. Lọ́jọ́ tí akọ̀wé máa dé, gbogbo ilé ní láti gba oko lọ ní ìdájí. Ó ní kí àwọn obìnrin wó ààrò wọn, kí wọ́n ká ẹní, kí wọ́n gbé àmù pamọ́, torí akọ̀wé ọlọ́gbọ́n lè fi ààrò mọ iye obìnrin. Ẹ ò rí i bí iṣẹ́ yẹn ti dùn mọ́ wa! Bíi pé ọdún là ń ṣe. Èmi nìkan ni kò lè rin ọ̀nà oko nítorí oyún, ìyá ọkọ mi bá tì mí sínú yàrá rẹ̀, ó fi ẹní dí mi lójú pa. Ó ní, "Bí o bá húkọ́ pẹ́nrẹ́n, èmi àti ìwọ ni."

Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ibi tí mo wà. Akọ̀wé jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tó wọ ṣòkòtò péńpé funfun, mo yọjú wò ó láàárín ẹní. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá dáadáa, ó béèrè àlàáfíà, ó béèrè iṣẹ́ oko, kó tó wá béèrè pé èèyàn mélòó ló ń gbé níbẹ̀.

Bàbá ní, "Àwa mẹ́rin. Èmi, ìyàwó mi, ọmọ mi ọkùnrin kan, àti ẹ̀gbọ́n mi tó fọ́jú."

"Mẹ́rin, Bàbá? Nínú ilé tó tóbi tó báyìí?"

"Àwọn tó kọ́ ọ ti kú."

"Gbogbo yàrá wọ̀nyí ńkọ́?"

"Ewúrẹ́ ló ń gbé e."

Ewúrẹ́ kan sì ké, lóòótọ́, lákòókò yẹn gan-an. Mo ki aṣọ bọ ẹnu kí n má baà bú sẹ́rìn-ín. Akọ̀wé kọ ọ́ sínú ìwé, ó dìde, ó kí Bàbá pé ó dàbọ̀. Nírọ̀lẹ́ tí àwọn ará oko dé, Bàbá sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó ń sín akọ̀wé jẹ, a ń rẹ́rìn-ín, ọkọ mi yí lu ilẹ̀. Èmi rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dùn mí pẹ̀lú oyún. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín jù mí lọ lọ́jọ́ náà, ẹ jẹ́ n jẹ́wọ́.

Mo bí obìnrin. Ó pupa, irun orí rẹ̀ kún dí, igbe rẹ̀ ń dé ojú títì. Omi ìsun wa ni wọ́n fi wẹ̀ ẹ́, omi yẹn náà ni ìyá ọkọ mi tọ́ sí i lẹ́nu, tó ní kó jẹ́ ẹni tí kò ní ọ̀tá. Ó fẹ́ràn ọmọ náà ju bó ti fẹ́ràn ẹ̀kọ rẹ̀ lọ, èyí tí n kò rò pé ó ṣeé ṣe.

Ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jókòó ni àwọn awọnlẹ̀ dé. Wọ́n na ṣéènì gbọọrọ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wà lókè ilé wa, wọ́n ń ri èèkàn tí wọ́n kùn ní funfun mọ́lẹ̀. A rò pé títì ni. Inú Bàbá tilẹ̀ dùn, ó ní mọ́tò á máa gba iwájú ilé òun kọjá. Oòrùn mú, a sun àgbàdo fún wọn, èmi ni mo bu omi ìsun fún wọn mu. Ọ̀gá wọn mu ún tán, ó na igbá padà sí mi, ó ní kí n tún bù sí i. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń wọnlẹ̀ kiri, òun ò tíì mu omi tó dùn tó báyìí. Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọkọ mi ló lọ béèrè lọ́wọ́ ẹnìkan tó mọ̀ ní káńsù. Ó padà dé, kò lè sọ ọ́ lórí ìdúró. Ó jókòó. Ó ní kì í ṣe títì. Odò ẹran ló máa wà lókè yẹn, ààtàn gbogbo ìlú á sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ní wọ́n wá ibi tí èèyàn kò pọ̀ sí ni, wọ́n yẹ ìwé wò, wọ́n rí tiwa.

Ìyá ọkọ mi dìde lọ sí ìdí ìsun, ó jókòó lórí òkúta tó wà níbẹ̀. Nígbà tí mo gbé ọmọ lọ bá a, ó ń wo òkè, ó ń wo omi, ó tún ń wo òkè. Ó ní, "Ìyàwó, ibo ni ẹ̀jẹ̀ máa ṣàn gbà?" Òmùgọ̀ pàápàá mọ̀ pé omi kì í ṣàn gun òkè.

Wọ́n pe ìpàdé ẹbí. Ìyàwó ilé kì í sọ̀rọ̀ nírú ibẹ̀, ṣùgbọ́n ara mi kò gbà á, mo kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n jẹ́ kí n kọ̀wé sí káńsù. Àwọn àgbà wojú ara wọn. Bàbá ní, "Ìwé kí ni o fẹ́ kọ?" Mo ní mo fẹ́ kọ ọ́ pé a ju mẹ́rin lọ, pé omi tí a ń mu wà lábẹ́ ibi tí wọ́n fẹ́ lò, pé kí wọ́n gbé e lọ síbòmíràn. Ó ní kí n kọ ọ́. Mo bá béèrè iye tí n ó kọ.

Bàbá kò lè kà wá. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé kì í ṣe agídí. Ọkùnrin tó ti sin ọmọ mẹ́ta, ó dá a lójú pé ẹnì kan ló ka àwọn yẹn. Nígbà tó yá, ó ní kí wọ́n gbé igbá wá. Ó ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ mú èkùrọ́ kan, kó wá jù ú sínú igbá. "Èkùrọ́ ni wọn ó kà. Ẹnikẹ́ni ò ní ka èèyàn." Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan, àgbà àti ọmọdé, tọkọtaya. Wọ́n di ọwọ́ ẹ̀gbọ́n Bàbá tó fọ́jú mú títí èkùrọ́ tirẹ̀ fi bọ́ sínú igbá. Mo ju tèmi, mo sì fi ọwọ́ ọmọ mi ju tirẹ̀. Igbá kún ju ìlàjì lọ. Mo kọ ìwé náà láìkọ iye kankan sí i.

Àwa mẹ́ta ló lọ, Bàbá, ọkọ mi, àti èmi tí mo lè ka ohun tí wọ́n bá kọ. Mo pọn ọmọ sẹ́yìn. Ìgbà yẹn ni mo kọ́kọ́ rí ọgbà òdòdó. Wọ́n ti parí rẹ̀. Wọ́n fi bíríkì funfun yí i ká, àga tí wọ́n kùn wà nínú rẹ̀, òdòdó pupa àti yẹ́lò tò lọ bẹẹrẹ, kò sì sí ẹyọ èèyàn kan tó jókòó níbẹ̀. Ọkùnrin kan ń bomi rin wọ́n. Kànga tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì kọ́ ló ti ń fà á, kànga náà ní ìdérí, ìdérí náà ní àgádágodo. Mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ará ìlú lè bu omi níbẹ̀. Ó ní rárá o, ti òdòdó ni. Ó ní bí òdòdó bá kú, wọ́n á lé òun lẹ́nu iṣẹ́. Inú bí mi débi tí n kò lè kí i pé ó kú iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ náà kò kàn án.

Akọ̀wé ọjọ́ sí yẹn la bá nínú ilé. Ó tún dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá, ó fún un lága. Ó ka ìwé mi, ó ní ọwọ́ ìkọ̀wé náà dáa. Ó wá béèrè pé, "Bàbá, ẹ̀yin mélòó lẹ wá wà níbẹ̀?"

Bàbá da èkùrọ́ sórí tábìlì. Díẹ̀ yí bọ́ sílẹ̀. Ó ní, "Àwa rèé."

Akọ̀wé kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ìwé ńlá kan kalẹ̀, ó ṣí i, ó fi ìka tọ́ ojú ewé, ó ní, "Ẹ wò ó, Bàbá. Mẹ́rin. Ẹnu yín ni mo ti gbọ́ ọ. Bí ẹ bá sọ pé ẹ tó báyìí, a jẹ́ pé ẹ purọ́ fún ìjọba lọ́jọ́ náà. Ẹni tó bá sì purọ́ nítorí owó orí, ẹ̀wọ̀n ló ń lọ. Èwo ni kí n kọ? Pé ẹ jẹ́ mẹ́rin, àbí pé ẹ purọ́?" Kò pariwo mọ́ ọn. Kò sì jọ ìkà èèyàn. Ohun tó ń bí mi nínú jù nìyẹn títí di òní.

Àwòrán ìlú wà lára ògiri lẹ́yìn rẹ̀. Mo súnmọ́ ọn. Wọ́n fi ọ̀dà aláwọ̀ ewé kun ọgbà òdòdó, wọ́n fi pupa kun ilé àwọn èèyàn. Mo tọ ọ̀nà oko wa pẹ̀lú ìka títí mo fi dé ìdí ìsun. Ìwé lásán ló wà níbẹ̀, funfun báláú, àmì odò ẹran nìkan ló wà lórí rẹ̀. Mo ní, "Sà, ibí yìí ni mo ń sùn. Ibí ni mo bí ọmọ yìí sí." Ó wò mí, ó wo ọmọ. Ó ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n ìwé ti lọ sí Ìbàdàn, wọ́n ti fọwọ́ sí i, kò sí ohun tí òun lè ṣe mọ́. Ó ní bí òun bá tilẹ̀ yí i padà, ibo ni wọ́n fẹ́ kí òun gbé e lọ? Ibi gbogbo tó kù, èèyàn wà níbẹ̀.

Bàbá dìde lórí àga. Ó tẹ̀ síwájú tábìlì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa èkùrọ́ padà sínú igbá. Ó ṣa ti orí tábìlì tán, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wá àwọn tó yí sábẹ́ àga. Ọkọ mi ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n bá yín ṣe é." Ó ní kó fi òun sílẹ̀. Àgbàlagbà ń rá kòrò lórí ilẹ̀ káńsù, akọ̀wé gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sókè kí Bàbá lè rí abẹ́ àga wò.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pa màlúù lókè ilé wa kí òjò tó dé. Ní ẹ̀rùn, eṣinṣin àti igún nìkan la ní láti fara dà, àti òórùn tí kì í jẹ́ kí oúnjẹ wọ ọ̀fun. Mo ronú pé bóyá ìyẹn náà ni gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn òjò kejì, ìyá ọkọ mi bu omi wá láàárọ̀, ó gbé e kalẹ̀ níwájú mi. Ọ̀rá ń léfòó lórí rẹ̀. Ọjọ́ yẹn ló fi ẹ̀kọ sílẹ̀. Ó ní òun ò lè fi ẹ̀jẹ̀ ṣe ẹ̀kọ fún ọmọ ọlọ́mọ. Àwọn ará òkè tó ti ń kúnlẹ̀ kí i tẹ́lẹ̀ kò tún sọ̀kalẹ̀ mọ́, àfi bí wọ́n bá fẹ́ da ilẹ̀ ilé wọn.

A ṣe é títí. A fi aṣọ sẹ́ ẹ, a fi álọ́ọ̀mù sí i kó lè tòrò, a sè é nígbà tí igi ìdáná bá wà. Àwọn ọkùnrin gbẹ́ kànga, wọ́n kan àpáta. Ọkọ mi tọ káńsù lọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lórí kànga òdòdó yẹn, wọ́n ní kó lọ kọ̀wé. Mo kọ ọ́. Wọ́n ní ìwé náà ti wà nínú fáìlì.

Mo wá sọ fún ara mi pé ilé bàbá mi kò kúkú jìnnà. Lọ́jọ́ kan mo gbé ìkòkò mi, mo mú òṣùká, mo gba Ìfọ́n lọ, mo fa omi nínú kànga ilé wa. Àwọn obìnrin ibẹ̀ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ bó ti yẹ kí wọ́n ṣe: "Ìyàwó Ìlobù, ṣé wọ́n ti mu omi ìlú wọn tán ni?" Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Ọmọ mi mu igbá omi náà kan gbáko nígbà tí mo dé, ó fi ọwọ́ nu ẹnu, ó na igbá sí mi. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti dé etí Bàbá kí n tó dé. Ó pè mí sí ọ̀ọ̀dẹ̀. Ó ní, "Ìyàwó, n ò ní bú ẹ. Wọ́n ti fi mí ṣẹ̀sín ní káńsù. Mi ò lè gbọ́ ọ n'Ìfọ́n pé ìyàwó ilé mi ń wá tọrọ omi. Má lọ mọ́." Ọkọ mi dúró tì í, ó ń wo ilẹ̀.

Mo kúnlẹ̀, mo ní mo gbọ́, Bàbá. N ò sì lọ mọ́. Mo lè sọ fún yín pé ayé ìgbà náà ni, pé ìyàwó kì í ré àṣẹ baálé kọjá. Irọ́ kọ́ ni. Ṣùgbọ́n mo bú akọ̀wé, mo bú káńsù, mo bú Bàbá nínú mi lọ́hùn-ún fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí n tó lè bá ara mi sọ ọ́ pé ẹsẹ̀ mi ni, ìkòkò mi ni, ọmọ mi ni. Ẹnikẹ́ni kò dè mí mọ́lẹ̀.

Òjò ọdún kejì ló gbé àìsàn dé. Ìgbẹ́ gbuuru ló kọ́kọ́ jẹ́, ó ń lọ, ó ń bọ̀, bó ti ń ṣe gbogbo ọmọ ilé. Ọ̀rọ̀ ti yọ lẹ́nu ọmọ mi nígbà náà, ó ti ń sáré. Lọ́jọ́ kẹta mo rí ẹ̀jẹ̀. Ìyá ọkọ mi já ewé, ó se àgbo. Mo ń wò ó bó ti ń bu omi sí ewé náà, mo mọ omi tó jẹ́, òun náà mọ̀ ọ́n, kò wojú mi. A gbé ọmọ lọ sí dìsípẹ́ńsárì, wọ́n fún wa ní oògùn lẹ́búlẹ́bú, wọ́n ní ká máa pò ó mọ́ omi, ká máa fún un mu dáadáa. Mo béèrè pé omi wo. Ọkùnrin tó fún wa lóògùn ní omi tó mọ́ ni, ìyá, omi tó mọ́. Ó ti pe ẹlòmíràn wọlé.

Ọmọ kú láàárọ̀ ọjọ́ Àlàmísì, lórí ẹsẹ̀ ìyá ọkọ mi. Mo kígbe, mo gbé ara mi sánlẹ̀, wọ́n gbá mi mú. Ìyá ọkọ mi kò kígbe rárá. Ó kàn ń fi ìdí aṣọ nù ún lójú, ó ń pe oríkì rẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, bí ẹni pé ó fẹ́ kó jí jẹun.

Ẹ̀sìn wọn kì í jẹ́ kí òkú pẹ́ nílẹ̀. Àwọn àgbà obìnrin dé láti wẹ̀ ẹ́. Èyí tó dàgbà jù lára wọn ní kí wọ́n bu omi mímọ́ wá, torí omi tó bá ti yí àwọ̀ padà tó sì ń rùn, a kì í fi wẹ òkú. Àwọn obìnrin ilé ń wo ẹsẹ̀ ara wọn. Mo dìde kúrò níbi tí wọ́n mú mi jókòó sí, mo gbé ìkòkò, mo wá òṣùká, n kò rí, mo ká ìborùn mi sórí.

Bàbá jókòó lẹ́nu ọ̀nà. Ó rí mi, ó rí ìkòkò, ó mọ ibi tí mò ń lọ. Ó fa ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn kí n lè kọjá.

N ò rántí ọ̀nà náà. Mo rántí pé ìyá mi wà nídìí kànga nígbà tí mo dé, tó rí mi láìní gèlè, tó rẹ́rìn-ín díẹ̀, tó ní, "Àwọn ará Ìlobù tún ti rán ẹ wá?" Mo ní, "Ìyá mi, wọ́n fẹ́ fi wẹ ọmọ ni." Korobá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sínú kànga, a gbọ́ ọ tó dún nísàlẹ̀. Ó lọ yá òmíràn. Òun fúnra rẹ̀ ló fa omi náà, tó ń fà á tó ń sunkún, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan okùn. Ó gbé e rù mí, ó sì tẹ̀ lé mi.

Wọ́n wẹ̀ ẹ́. Ara rẹ̀ ń dán. Ìgbà tó wà láàyè, n ò rin ọ̀nà yẹn fún un ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ìgbà tó kú ni mo wá rìn ín. Wọ́n fi aṣọ funfun dì í, àwọn ọkùnrin gbé e jáde, wọ́n ní kí èmi dúró sílé.

Ara ọmọdé kéré, omi náà kò tán. Ó kù nínú ìkòkò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Àwọn ọmọ ilé tó kù yọjú lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n rí i pé ó mọ́ gaara, ọ̀kan mú igbá, ó bù ú, ó mu. Ó pe ìkejì. Kò pẹ́ tí wọ́n fi yí ìkòkò ká, tí wọ́n ń ti ara wọn, tí wọ́n ń já igbá gbà. Ìyá ọkọ mi fẹ́ dìde lé wọn, ó tún jókòó. Wọ́n mu ún títí wọ́n fi ń da ìkòkò dẹ̀gbẹ́ kí wọ́n lè rí ti ìsàlẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ìsun náà ni gbogbo wa tún gbé igbá lọ.